Tí Kò Bá Sí Ẹni Tó Di Píìnì Mú

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ohun kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe. Wọ́n á wá LED pupa kan, ìyẹn iná kékeré, wọ́n á so ó mọ́ GPIO17, ọ̀kan nínú àwọn píìnì, irin tín-ín-rín tó yọ síta lára bọ́ọ̀dù náà, wọ́n á fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kọ ìlà bíi mélòó kan, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, inú wọn á dùn. Inú tèmi náà máa ń dùn tí mo bá ń wo ẹni tó ń ṣe é. Ohun téèyàn tẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù ló jáde kúrò lójú kọ̀ǹpútà yẹn, tó wá di nǹkan téèyàn lè fọwọ́ kàn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí LED yẹn kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: nígbà tí ètò tí o kọ bá kú, tàbí tí kò tíì jí, kí ni píìnì yẹn ń ṣe?

Níbi tí iná kì í ti í lọ, Pi lè wà lórí tábìlì fún oṣù mélòó kan láìkú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ta ló máa fọkàn sí irú ẹ̀? Iná dé, iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n pa á, wọ́n yí súwíìṣì sí ínfátà, ínfátà náà ké pé bátìrì ti gbẹ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àkókò tí kò sí ẹni tó di píìnì mú kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi píìnì darí nǹkan gidi, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, kó tó kọ ìlà kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo píìnì ọ̀hún fúnra rẹ̀. Pi àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2012 ní píìnì 26. Nígbà tí Model B+ dé ní 2014, wọ́n sọ ọ́ di 40, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà títí dòní. Nínú 40 yìí, méjì ń gbé 5V, méjì ń gbé 3.3V, mẹ́jọ jẹ́ ground (0V), wọ́n ya méjì sọ́tọ̀ fún dídá bọ́ọ̀dù àfikún mọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù ni tiwa. Àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni ètò wa lè tàn tàbí kó pa.

Ìnọ́ńbà wọn ló máa ń da orí rú. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Under G gbé tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní LED òun kò kú. Ó ti kọ ọ́ kó kú, ó ti tún un kọ, ó ṣì ń tàn ni. Mo wo wáyà rẹ̀. Ó ti ka píìnì látòkè wá dé ìkẹtàdínlógún, ibẹ̀ ló so LED mọ́. Ìkẹtàdínlógún lórí bọ́ọ̀dù kì í ṣe GPIO17 o, iná 3.3V tí kì í kú ni. GPIO17 gan-an ni píìnì kọkànlá. Àwọn tó bá sì ti ń fi wiringPi kọ ètò tipẹ́, píìnì òdo ni wọ́n ń pe píìnì kan náà yìí. Ó tún ní ìnọ́ńbà kẹrin tí mo máa dé lórí láìpẹ́. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́rin, ó yẹ kéèyàn bi í pé èwo ni ká máa pè é kí wọ́n tó jọ dòwò pọ̀. Tẹ `pinout` sí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ á jáde pẹ̀lú ìnọ́ńbà méjì tó ṣe pàtàkì jù. Èmi ti tẹ tèmi sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ohun kejì ni agbára. Píìnì tí ètò bá tàn, tí a ń pè ní èyí tó wà lókè, ń gbé 3.3V jáde; èyí tí ètò bá pa, tó wà nísàlẹ̀, jẹ́ 0V. Kò yẹ kí o fa ju 16mA lọ lára píìnì kan. Fún LED pupa tó ní resistor 330Ω níwájú, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín iná kù, nǹkan bíi 4mA péré ló ń kọjá, kò sí wàhálà. Wàhálà wà fún àwọn tó ti ń lo bọ́ọ̀dù Arduino Uno tẹ́lẹ̀, tí 5V ti mọ́ lára. Píìnì Pi kì í gba 5V wọlé rárá. HC-SR04 tí wọ́n fi ń wọn ìjìnnà, tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, 5V ni ẹsẹ̀ Echo rẹ̀ ń gbé jáde. Tí o bá so ó mọ́ Pi tààrà, o lè pa píìnì yẹn, nígbà mìíràn gbogbo bọ́ọ̀dù á bá a lọ. Resistor 1kΩ àti 2kΩ ló máa pín 5V yẹn títí á fi di 3.3V. Owó resistor méjì kò tó ti gúgúrú àti ẹ̀pà, owó Pi kan lónìí sì ńkọ́?

Ohun tó mú mi ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ tí mo ṣe fún ìyá kan tó ń sin adìẹ lápá Aróje. Màmá ní àpótí onípákó kan tó fi ń pa ẹyin, gílóòbù àtijọ́ méjì ló ń mú un gbóná, irú gílóòbù tó ń sun ọwọ́ ẹni, kì í ṣe LED funfun tó tutù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló máa ń jókòó tì í pẹ̀lú tẹmómítà, á pa á, á tàn án. Tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá sùn lọ, ẹyin á jóná. Màmá ní kí n ṣe nǹkan tí kì í sùn.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ fún un ni pé kó ra W1209, bọ́ọ̀dù thermostat kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó ń tan nǹkan tó sì ń pa á bí ooru bá ṣe rí, tó ní ojú tí a fi ń ka ooru àti relay tirẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tí iná ń yí. Kò nílò kọ̀ǹpútà kankan. Mo ṣì rò pé fún ẹni tó ní àpótí kan, òun ló bójú mu jù, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn tó bá fẹ́ kí n fi Pi ṣe ohun tí súwíìṣì kan lè ṣe. Àmọ́ Màmá fẹ́ kí fóònù òun máa gbọ́ tí ooru bá já, ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru, ó sì fẹ́ kí nǹkan máa yí ẹyin fúnra rẹ̀. Pi wá ní ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá sin adìẹ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa. Ẹyin adìẹ ń lo ọjọ́ 21 kó tó pa. Nínú àpótí tó ní fáànù, ooru tí a ń wá wà ní nǹkan bí 37.5 sí 37.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A ó máa yí ẹyin lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn ìyẹn a ó fi í sílẹ̀ kí ọmọ inú rẹ̀ lè gbára dì láti jáde. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọmọ inú ẹyin lè fara da òtútù fún ìgbà díẹ̀ ju bó ṣe lè fara da ooru lọ. Tó bá tutù fún wákàtí kan, ìdàgbà rẹ̀ lè falẹ̀. Tó bá gbóná ré kọjá ààlà fún àkókò kan náà, ó lè kú pátápátá.

Mo ń ṣàlàyé fún Màmá bí ètò ṣe máa ka ooru láti ara DS18B20, ojú kékeré tí a fi ń ka ooru, bó ṣe máa tan gílóòbù, bó ṣe máa pa á. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, "Ẹnjiníà, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n tí ohun tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ yìí bá dákú ńkọ́, gílóòbù á tàn ni àbí á kú?"

Mo ní, "Màmá, ó máa kú."

Ó ní, "Ta ló sọ fún un kó kú, nígbà tó jẹ́ pé òun tó yẹ kó sọ fún un ti dákú?"

Ẹ ò rí i? Ẹni tí kò mọ Python tàbí relay ló bèèrè ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni lórí ẹ̀rọ ayélujára kì í mẹ́nu bà.

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ètò. Inú wáyà ló wà, àti nínú ohun tí Pi ń ṣe láàárín ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí ètò rẹ tó jí. Mo wá jókòó tì í bí ó ṣe yẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, píìnì kò lè tan gílóòbù, kò tiẹ̀ lè fa relay fúnra rẹ̀. Relay aláwọ̀ búlúù tó wọ́pọ̀, èyí tó ń lo 5V, ń fẹ́ nǹkan bíi 70mA kó tó fa irin inú rẹ̀. Píìnì wa kò ní ju 16mA lọ, 3.3V ló sì ń gbé. Transistor ló máa ń dúró láàárín wọn, 2N2222 tàbí èyí tó jọ ọ́. Resistor 1kΩ á wà láàárín píìnì àti base rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń gba àṣẹ, á máa gba nǹkan bíi 2.6mA kọjá, transistor á sọ ìyẹn di èyí tó pọ̀ tó láti fa relay. Ẹ má gbàgbé diode, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, 1N4007 ti tó, kí ẹ so ó ní ìdàkejì sára okùn relay, wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀. Nígbà tí relay bá tú, iná tó wà nínú okùn rẹ̀ máa ń ta padà pẹ̀lú agbára tó lè pa transistor. Àwọn bọ́ọ̀dù ṣájà àti tẹlifíṣọ̀n tó ti kú nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń yọ diode, mi ò rántí ìgbà tí mo rà á gbẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ jó lẹ́ẹ̀dì lè ra bọ́ọ̀dù relay tí wọ́n ti ṣe tán, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lódìkejì: nígbà tí píìnì bá wà nísàlẹ̀ ni relay ń fà. Àwọn bọ́ọ̀dù yìí, Arduino ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọ́n ń retí 5V, 3.3V tí Pi ń gbé wá kì í fi ìgbà gbogbo tó láti pa relay dáadáa. Èyí tó bá ní jumper JD-VCC, ìso kékeré tó ṣeé fà yọ, ẹ yọ jumper náà, ẹ fún VCC ní 3.3V, kí ẹ fún JD-VCC ní 5V. Ìyẹn á tán an.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà. Nígbà kan, ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyí:

echo 17 > /sys/class/gpio/export
echo out > /sys/class/gpio/gpio17/direction
echo 1 > /sys/class/gpio/gpio17/value

Kò sí èdè tó rọrùn jù ú lọ, bash lásán, àṣẹ ojú dúdú yẹn, ló ń ṣe é. Ohun tó tún dùn mọ́ wa ni pé tí o bá ti kọ 1 síbẹ̀, píìnì á dúró sókè bó o tilẹ̀ pa fèrèsé náà tó o lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó di píìnì mú, síbẹ̀ ó wà níbi tí o fi í sí. Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn. Ètò méjì lè máa kọ nǹkan sí píìnì kan náà, ọ̀kan ń tàn án, èkejì ń pa á, kernel, ọkàn Linux tó ń darí Pi, á kàn máa wò wọ́n.

Láti kernel 4.8 ní ọdún 2016 ni ọ̀nà tuntun ti dé, `/dev/gpiochip0`, pẹ̀lú libgpiod tó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ pé ká fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí kernel 6.6 wá dórí Pi, ìnọ́ńbà inú `/sys` kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́, 512 ló ti bẹ̀rẹ̀. GPIO17 di 529. Orúkọ kẹrin tí mo ṣèlérí nìyẹn. Ètò àwọn èèyàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní "Invalid argument". Pi 5 tó jáde ní 2023 tún dá tirẹ̀ sílẹ̀: ṣíìpù kan tó ń jẹ́ RP1 ni píìnì wà lára rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ara processor, nítorí náà RPi.GPIO, irinṣẹ́ Python tó máa ń kọ̀wé tààrà sínú processor, kò ríbi kọ ọ́ sí mọ́. Àwọn tó lo gpiozero, irinṣẹ́ Python mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà, ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n dúró sí nìyẹn.

Pẹ̀lú ọ̀nà tuntun, píìnì ní olówó. Ètò tó bá bèèrè fún un ló ni ín títí ó fi máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí ètò mìíràn bá wá, kernel á ní "Device or resource busy". Èyí wù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówó náà bá lọ ńkọ́? Àwọn tó ṣe libgpiod sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé àwọn kò ṣèlérí ipò tí píìnì máa wà. Ó lè dúró sókè, ó lè padà di èyí tí kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ohun tó ya àwọn kan lẹ́nu nípa `gpioset`, àṣẹ libgpiod tó ń tan píìnì, nìyí: nínú ẹ̀dà àtijọ́, ó máa tan píìnì, á sì jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n á máa wá iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ẹ̀dà kejì máa ń dúró síbẹ̀, á di píìnì mú títí o fi máa ní kó lọ.

Ìyẹn ni ti ètò tó kú. Èyí tí kò tíì jí wá ńkọ́? Iná dé, Pi bẹ̀rẹ̀. Kó tó ka káàdì, kó tó gbé Linux dìde, kó tó kan Python tí mo kọ, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, gbogbo píìnì ló jẹ́ ti ìgbọ́rọ̀, kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò wà lófìfo: resistor kékeré kan wà nínú processor tó ń fa píìnì kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀, nǹkan bíi 50kΩ. GPIO0 dé GPIO8, òkè ni wọ́n ń fà wọ́n sí. GPIO9 dé GPIO27, ìsàlẹ̀ ni.

Ẹ dúró níbí díẹ̀. Ẹni tó bá lo MOSFET, ẹ̀yà transistor kan, láti tan nǹkan, tó wá so ó mọ́ GPIO5, nǹkan yẹn á tàn ní gbogbo ìgbà tí Pi bá ń jí, kó tó di pé ètò rẹ̀ ní kó kú. MOSFET kì í béèrè agbára púpọ̀, ìfàsókè kékeré yẹn ti tó o. Tó bá so ó mọ́ GPIO17, kò ní tàn. Ìlà Python kan náà, wáyà kan náà, ìnọ́ńbà píìnì nìkan ló yàtọ̀. GPIO14 tiẹ̀ burú jù: tí wọ́n bá fi serial console sílẹ̀ ní títàn, ibẹ̀ ni Linux ti máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń jí, relay tó bá wà níbẹ̀ á máa ṣe tàtàtà. GPIO2 àti GPIO3 náà ní ìfàsókè 1.8kΩ tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí ètò tó lè yọ ọ́. Fún gílóòbù Màmá, GPIO17 ni mo mú.

Mi ò fi ọ̀ràn sílẹ̀ fún 50kΩ nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: mo fi resistor 10kΩ sáàárín píìnì àti ground, òun ni àgbà tó jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan nígbà tí ètò bá ń darí píìnì, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá kúrò, òun ló ń dì í mú sísàlẹ̀. Kódà ká ní ìfàsókè 50kΩ wà lára píìnì yẹn, ohun tó máa kù kò ní ju nǹkan bí 0.55V lọ, ìyẹn kò tó láti jí transistor. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi ìlà kan sínú `/boot/firmware/config.txt`:

gpio=17=op,dl

Ó ń sọ fún Pi pé kó fi píìnì 17 sí ìsàlẹ̀ kó tó gbé Linux dìde. Ìlà tó dára ni, àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan máa ń kọjá kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè rọ́pò resistor. Ẹni tó bá ní ká yan ọ̀kan, resistor ni màá yàn. Kò nílò káàdì, kò nílò Linux, kò nílò mi.

Relay náà ní ipò ìsinmi tirẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ló ní: COM, NO àti NC. Tí relay bá sinmi, COM àti NC ló wà papọ̀. Tó bá fà, COM á lọ bá NO. Gílóòbù Màmá, NO ni mo gbé e gbà, kó lè jẹ́ pé tí ohunkóhun bá dákú, ooru á kú. Fáànù ńkọ́? Níbẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní gbogbo nǹkan ló yẹ kó kú, kí a má bàa ní wàhálà. Mo ní rárá. Ẹyin tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì ń mú ooru tirẹ̀ jáde, tí atẹ́gùn kò bá lọ káàkiri, àwọn tó wà láàárín á gbóná ju àwọn ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Fáànù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí Pi bá dákú. Nítorí náà, fáànù 12V tí mo yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, bátìrì ló ń lò, NC ni mo sì gbé e gbà. Pi kì í tan fáànù Màmá. Ńṣe ló máa ń pa á, nígbà tí ìdí bá wà. Mọ́tò tó ń yí ẹyin kò le. Tó bá dúró fún wákàtí díẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́, NO ni tirẹ̀ náà.

Bàbá rìwáyà tó so apá 220V wá wo iṣẹ́ náà. Mi ò kì í fọwọ́ kan ibẹ̀ láìsí i, mo sì rọ ẹ̀yin náà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó yí i wò, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí irin inú relay yìí bá lẹ̀ mọ́ra ńkọ́?" Òótọ́ ni. Gílóòbù àtijọ́ máa ń fa iná púpọ̀ ní ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tí okùn inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, irin relay lè jó mọ́ra. Nígbà náà, píìnì á wà nísàlẹ̀, ètò á gbà pé òun ti pa gílóòbù, gílóòbù á sì máa tàn lọ. Ni mo bá padà sórí W1209 tí mo ti kọ́kọ́ sọ fún Màmá. A so relay rẹ̀ mọ́ ìdí ti Pi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì lórí wáyà kan náà, pẹ̀lú ojú ooru tirẹ̀, a sì fi í sí 38.5. Kò mọ̀ pé Pi wà láyé. Tí ooru bá dé ibẹ̀, yóò gé iná, ohun yòówù kí Pi máa sọ.

Ọ̀kan ṣẹ́kù, òun ni mo sì bẹ̀rù jù: ètò tí kò kú, tí kò sì yè. Python dúró sójú kan, bóyá ó ń retí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò dé, gílóòbù wà ní títàn nígbà tó dúró. Olówó píìnì ṣì dì í mú, resistor kò lè ṣe nǹkan kan, `config.txt` ti ṣe tirẹ̀ tán. Aago kan wà nínú Pi fún irú èyí, watchdog ni wọ́n ń pè é. Tí ètò kò bá kàn án láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, á tún gbogbo Pi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tún bẹ̀rẹ̀, píìnì á padà di ti ìgbọ́rọ̀, 10kΩ á fà á sísàlẹ̀, relay á tú, gílóòbù á kú. Ètò tó ń ka ooru ni mo ní kó máa kan aago náà, lẹ́yìn tó bá ti ka ooru tán nìkan. Ẹ má ṣe fi kíkàn rẹ̀ sínú apá mìíràn nínú ètò (thread) tó ń dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Apá yẹn á máa kàn án lọ nígbà tí èyí tó ń ka ooru ti dúró gbọnrangandan.

Ti káàdì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Iná tó ń lọ lójijì máa ń ba káàdì SD jẹ́ tí Pi bá ń kọ̀wé sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Overlay wà nínú `raspi-config` tó ń jẹ́ kí káàdì di kíkà nìkan. Ẹ tàn án. Àkọsílẹ̀ ooru ti Màmá, orí fíláṣì USB ló ń lọ.

Kí a tó gbé ẹyin kankan síbẹ̀, mo fi gílóòbù kékeré kan rọ́pò èyí tó ń gbóná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Pi lẹ́nu. Mo fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ nígbà tí gílóòbù ń tàn. Mo dá a padà, mo jókòó, mo tẹ́tí sí relay ní gbogbo àkókò tó fi ń jí. Mo fi `kill -9` pa ètò láìsọ tẹ́lẹ̀, mo rí i pé systemd, alábòójútó ètò nínú Linux, tún un gbé dìde. Mo dá ètò dúró pẹ̀lú `kill -STOP`, kó dà bíi pé ó dákú, mo sì ń wo aago. Mo yọ káàdì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Mo fa wáyà DS18B20 já, nítorí ètò tí kò rí ooru kà gbọ́dọ̀ pa gílóòbù, kò gbọ́dọ̀ gbà pé òdo ni ooru kó wá máa tàn án lọ. Màmá jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní kí n tan jẹnẹrétọ̀, kí n pa á, kí n tún un tàn kíákíá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é gan-an nílé òun. Ọgbọ́n gidi ni ó sọ. Iná tó lọ tó padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń da Pi rú ju èyí tó lọ tí kò padà.

Ẹyin tòlótòló ló wà nínú àpótí náà báyìí. Ọjọ́ 28 ni tiwọn, nítorí náà mo lọ yí ìlà tó ń dá mọ́tò dúró láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 25. Màmá bi mí pé ṣé màá tún gba owó iṣẹ́ fún ìnọ́ńbà kan ṣoṣo, mo ní kó fún mi ní ẹyin.